Orin Tí Nàìjíríà Fi Díje, àti Ọwọ́ Tèmi Nínú Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tí àwọn ẹlòmíràn ń kọrin níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ni mo ṣe jẹun. Bí ẹ bá ra kásẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkòtún tàbí ní Abúlé Ẹ̀gbá láyé ìgbà náà, tí ohùn olórin mọ́ gaara, tí gìtá kò bo ohùn, tí ìlù kò bo gìtá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹ ò lè rí orúkọ mi lára páálí rẹ̀ ṣá. Ta ló ń béèrè orúkọ ẹni tó dirun fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé máa ń wá bá mi báyìí. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ yìí dáa láti kọ́?" N kì í sọ pé ó dáa, n kì í sì í sọ pé kò dáa. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni mo máa ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, tó ṣì fẹ́ kọ́ ọ, kó wá.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà, ló mú mi wá sí Èkó nígbà ayé àwọn alágbádá, kí n lè kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Yàrá méjì ló háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà ju ilé lọ, bí òjò bá sì rọ̀, bàtà lọ́wọ́ là ń dé ọ̀nà Ìdímù. Lójú ọ̀nà ibi tí mo ti ń kọ́ ìwé títẹ̀ ni sitúdíò Ọ̀gá Olúwọlé wà, ilé kékeré kan tí wọ́n fi páálí ẹyin lẹ ògiri rẹ̀ nínú kí ohùn má baà máa ta padà. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá náà yọjú. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lo ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú sà. Gìtá kejì yẹn ni kò bá ti àkọ́kọ́ mu."

Ó wò mí títí. Àṣé ohun tó ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, ó ní, "Obìnrin? Nídìí wáyà?" Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mi ò padà sídìí ìwé títẹ̀ mọ́, ó gba kámú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ọ̀gá jẹ́. Ẹ̀gbá ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín rẹ̀ sì wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwo orin kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Odindi oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àfi kí n fi òwú àti ọtí sípíríìtì nu ojú irin tí téèpù ń gbà kọjá. Iṣẹ́ mi tó kù, orí bẹ́ǹṣì kan níta ni mo ti ń ṣe é.

"Jókòó síbí. Di ojú rẹ. Kí lo gbọ́?"

"Mọ́tò, sà."

"Mọ́tò wo?"

"Èyí tó ń kọjá yìí, sà."

"Mo mọ̀ pé ó ń kọjá. Ṣé ó rù àbí kò rù? Ṣé ó ń gòkè àbí ó ń sọ̀kalẹ̀? Ó jọ pé o ò gbọ́ nǹkan kan. Dìde, lọ gbálẹ̀."

Mo sunkún títí. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́fà náà tó pé, mo lè gbọ́ odó láti ojúlé kẹta kí n mọ̀ bóyá iyán inú rẹ̀ ti kúnná tàbí ó ṣì ní kókó. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó pè mí wọlé. "Etí ni iṣẹ́ wa," ló wí. "Ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni."

Bí mo bá ṣàṣìṣe, kì í lù mí. Yóò ní kí n dúró sí kọ́nà, yóò sì fi ẹ̀rọ lo àṣìṣe náà kí n gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ogún ìgbà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé pàṣán ló ń dunni jù, ẹ ò tíì gbọ́ àṣìṣe ara yín ní ogún ìgbà rí.

Òfin kan wà tó fi ṣe olórí gbogbo òfin. Téèpù kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí a má kọ orúkọ sí i. Téèpù wọ́n lásìkò náà. Láti ìlú òyìnbó ló ń wá, ìwé àṣẹ láti kó o wọlé sì ti di àwátì. Ẹyọ kan náà la máa ń lò léraléra, a ó gba tuntun lé ti àtijọ́, ti àtijọ́ a sì pa rẹ́. Nítorí náà, orúkọ tó wà lára téèpù nìkan ló ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Mo mọ òfin yìí bí orúkọ mi.

Ọdún kẹta tí mo débẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gbàjọba, ni ọ̀rọ̀ ìdíje orin wọ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló pa owó àti ọwọ́ pọ̀ ṣe é. Olórin kì í lọ síbẹ̀. Téèpù ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń fi ránṣẹ́, adájọ́ kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, á fún wọn ní máàkì, àfi ti ìlú tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà máa wọ̀ ọ́. Wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lórin fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Nínú gbogbo orin tó dé, ti Tíṣà Ìbídùn ni wọ́n mú.

Tíṣà Ìbídùn jẹ́ ọmọ Oǹdó, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàndó, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú Ọ̀gá, sitúdíò wa ló sì yàn láti gba téèpù tó máa lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì nípọn bí oyin. Nínú ilé tó ń gbé, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Gánà, Èfúà, ló háyà yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jọ dáná lórí ààrò kan. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn, Èfúà di ẹrù rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò sáyè fún un nínú ọkọ̀. Ohun tí Tíṣà kọ lórin nìyẹn:

Èfúà o, ìkòkò rẹ ṣì wà lórí ààrò,
Mi ò gbé e sọ̀, mi ò gbé e pamọ́.
Òjò pa á, ẹ̀ẹ̀rùn yan án,
Ọjọ́ tí o bá dé, iná la ó tún dá.

Kò gùn jù báyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé "iná la ó tún dá," àwọn géńdé ọkùnrin á máa wo ilẹ̀.

Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó, kò sẹ́ni tí kò dá sí i. Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú sitúdíò di ilé ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an máa ń yà síbẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Rẹ̀mí, ẹ má tan ara yín jẹ," ló máa ń wí. "Àǹfààní wo ni Nàìjíríà ní? Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́ Yorùbá níbẹ̀? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ jàre!"

Aládùúgbò wa kan tó ń ránṣọ dá a lóhùn, "Àwọn Faransé ńkọ́? Ṣé gbogbo ayé ló gbọ́ èdè tiwọn ni?"

Ọ̀gá kì í sábà dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣẹ́gun, bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń sunkún, ṣé ó dìgbà tí o bá gbọ́ èdè rẹ̀ kí o tó mọ̀ pé ó ń sunkún?"

Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìdíje náà, ó wọ kóòtù, ó di ìwé mọ́ àyà. Ó ní orílẹ̀-èdè tó gbà á kẹ́yìn kó fayolíìnì rẹpẹtẹ jọ, a ò lè fi gìtá kan àti ẹnu kan lọ bí ẹni ń lọ kí ará ilé. Ó tún ní ohun kejì wà tó ń kọ òun lóminú.

"Orúkọ Èfúà yìí, mà. Àwọn ọ̀gá wa lókè lè rò pé ẹ̀ ń bá ìjọba wí. Ṣé ẹ ò lè pè é ní 'ọ̀rẹ́ mi' ni?"

Tíṣà wò ó bí ìgbà tó bá ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. "Bó bá wù yín, ẹ yọ orúkọ tèmi kúrò. Ti Èfúà kò kúrò. Bó bá kúrò, kò sórin mọ́."

Ọkùnrin náà kọjú sí Ọ̀gá pé kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní, "Bí a bá wọ ẹwù onílé lọ sílé onílé, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé àlejò dé?" Ọkùnrin náà lọ, ó ní ohun tí a bá rí ká fara mọ́ ọn, kí téèpù ṣáà ti dé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbà á. Ọjọ́ kìíní, ohùn Tíṣà le. Ọjọ́ kejì, gìtá ń sáré. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ó bọ́ sí i. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó dúró sídìí máíìkì, ó yọ bàtà rẹ̀, ó sì kọrin náà bí ẹni pé Èfúà wà lẹ́yìn ògiri. Nígbà tó parí, onígìtá gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sórí okùn. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un fi sójú, ó tún yọ ọ́. "Ó ti tán," ló sọ. "A ò tún gba òmíràn mọ́. Rẹ̀mí, tọ́jú rẹ̀."

Mo yọ téèpù náà. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo gbé e sórí tábìlì kí n lè wá bírò, ni Tíṣà bá dì mọ́ mi. Ó ní, "Rẹ̀mí, a ṣe é!" Onígìtá ń jó. A bọ́ síta lọ́wọ́ kan náà, a ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará àdúgbò ń béèrè pé báwo ló ṣe lọ. N kò padà sídìí bírò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan wá gba orin. Ọ̀gá ti lọ sí Ìkẹjà lọ wá irin ẹ̀rọ kan. Èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́. Mo mú téèpù tó wà lórí tábìlì. Kò sórúkọ lára rẹ̀, mo sì rò pé òfìfo ni. Wọ́n kọ orin mímọ́ wọn, ó dùn, wọ́n ṣe àmín. Mo jẹ́ kí téèpù náà máa yí díẹ̀ kí n tó dá a dúró. Nígbà tí mo dá a padà tí a jọ ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn àmín wọn, ohùn kan jáde nínú ẹ̀rọ náà, jẹ́jẹ́:

"...iná la ó tún dá."

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà ní, "Ta nìyẹn?" Mo pa ẹ̀rọ náà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ẹyin náà nílẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ń retí kí ilé wó lù mí. Kò pariwo. Ó jókòó, ó ní kí n lo ìparí téèpù náà fún òun. Mo lò ó. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ogún ìgbà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ bọ́jú rẹ. Ìbídùn ń bọ̀ bí wọ́n bá jáde ilé ìwé."

Tíṣà dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọsàn wá fún wa. Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gá ti dìde.

"Ìbídùn, jókòó. Ọwọ́ mi ti ṣì. Mo ti gba orin ẹlòmíràn lé tìrẹ. Ó ti pa rẹ́."

Tíṣà wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wàásù nípa kíkọ orúkọ?"

"Èmi ni."

Èmi dúró nídìí ògiri. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Èmi ni ìka tó ṣẹ̀, mo sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gé òmíràn.

Tíṣà kò pariwo náà. Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ní ni mo kó sínú rẹ̀. Ibo lẹ fẹ́ kí n ti lọ mú òmíràn wá?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọsàn náà wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó bó o.

Nígbà tó jáde tán ni mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí mo bá ní ìwọ ni, ta ló tún máa jókòó síwájú ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin ń darí? Iṣẹ́ rẹ kò tíì lápá, Rẹ̀mí. Tèmi ti lápá. Wọ́n á bínú sí mi, wọ́n á tún padà wá." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n n kò rù ú fún ọ títí ayé o. Lọ́jọ́ tí o bá ti lè dá dúró, kí o lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ."

Mo ní, "Mo gbọ́ sà."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Onígìtá wa ti rìnrìn àjò. Ọyẹ́ ti dé, ó sì ti gbá Tíṣà lọ́nà ọ̀fun. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ni Tíṣà yọjú, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Nítorí Èfúà ni mo fi wá." Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí Bàbá Kàsúmù, àgbàlagbà Àwórì kan ní Ìkòtún tó ń ta agídìgbo, pé kó wá dípò gìtá. Bàbá náà jókòó, ó gbé agídìgbo rẹ̀ sórí itan, ó ní kí Tíṣà kọ orin náà fún òun ná. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní, "Ìyàwó, orin yìí kò fẹ́ ariwo." Ìwọ̀nba ohun tó ta sí i kò ju ohùn mẹ́ta lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan la gbà á. Bó ṣe kù díẹ̀ kí agídìgbo dákẹ́ ni iná lọ. Ohùn Tíṣà há, ó gbẹ, ó dà bí ohùn ẹni tó ti ń pe ẹnì kan láti àárọ̀. Mo kọ orúkọ sára téèpù náà kí n tó yọ ọ́, mo kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, mo tún kọ ọ́ sórí bébà mo fi sínú rẹ̀. Bí èyí ṣe gba òkè òkun lọ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n ka èsì rẹ̀ lórí rédíò. A gbé rédíò Ọ̀gá sórí àga lábẹ́ igi fúrúùtù. Tíṣà wá, ó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, adájọ́ rẹ̀ á sì ka máàkì. Àwọn kan fún wa ní ohun tí kò tó nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ṣé mo wí àbí mi ò wí?" Àwọn kan fún wa ní púpọ̀, aránṣọ yẹn á fò sókè. Nígbà tí wọ́n pe Gánà, gbogbo wa sún mọ́ rédíò. Máàkì tó ga jù lọ ni adájọ́ Gánà fún Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń bá wa jiyàn láti oṣù mélòó kan, yí ojú sẹ́yìn, ó sì ń fi ọwọ́ nu ún.

Ipò kẹta la gbà. Máàkì méjì péré ló wà láàárín àwa àti ẹni tó gba ipò kìíní.

Àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni. Tíṣà dìde, ó wá bá Ọ̀gá níbi tó dúró sí. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ ì bá gbà á." Ó yí padà, ó lọ. Kò tún tẹ sitúdíò mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé lẹ́tà ti dé láti Kúmásì. Èfúà gbọ́ orin náà lórí rédíò níbi tó ti ń ta búrẹ́dì. Ohun tó kọ kò gùn: "Má tíì gbé e sọ̀ o."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ó ti rí ibi tí ẹ̀bi mi gangan wà báyìí. Kì í ṣe inú téèpù yẹn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣì. Ẹ̀bi mi ni pé ọjọ́ tí mo lè dá dúró dé, ó kọjá, n kò lọ. Láàárín ọdún méjì, àwọn olórin ti ń béèrè mi lórúkọ. Ẹ̀rọ kékeré dé tó ń gba ohùn mẹ́rin sórí kásẹ́ẹ̀tì lásán, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò ní agbègbè wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀, tí àwọn onílù fi ń bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. Mo ti ní apá. Lójoojúmọ́, mo máa ń ní ọ̀la ni mo máa lọ sí Ìgàndó. Fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, ó di ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀gá kò rán mi létí rí. Ó kàn máa ń wò mí nígbà mìíràn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà á kí i láti òkèèrè, á kọjá sí ìjókòó mìíràn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀, odindi ọdún kan, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló wá kí i. Tíṣà kò wá. Ọ̀gá ṣì máa ń béèrè pé, "Ìbídùn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ yá?" Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo tó lọ. Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo ẹ̀wà náà.

"Olúwọlé kọ́?"

"Òun kọ́ mà. Èmi ni."

Ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O rí mi tí mò ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. O rí i tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí n kò lọ wò ó. O jẹ́ kí n bínú sí i títí ó fi wọlẹ̀." Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀. "Ẹ dìde níbẹ̀, màdáámù. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, tó ti ń pè mí ní Rẹ̀mí láti ìgbà tí mo dé Èkó, ló sọ mí di "ẹ" yẹn. Èébú kankan ò dùn mí tó o.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ Ọ̀gá ní kí n máa bá sitúdíò náà lọ. A kó o lọ sí ilé tó tóbi díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ń lọ sópin, kọ̀ǹpútà dé. Mo ti lé lógójì díẹ̀, mo tún di ọmọ iṣẹ́, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú wo orin. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú. Ohùn di ohun tí ènìyàn ń rí bí òkè àti àfonífojì. Bí ènìyàn bá sì pa nǹkan rẹ́, bọ́tìnnì kan á dá a padà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bọ́tìnnì yẹn, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́, n kò lè ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tíṣà Ìbídùn wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun, báàgì ńlá kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àyíká, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàsán," ló wí. "Mo ní orin kan tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Ti Olúwọlé ni."

Mo gbé máíìkì wá, mo sọ ọ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n gíga rẹ̀. Ó yọ bàtà. Kò mú onílù tàbí onígìtá kankan wá. Orin náà kúrú. Ó kí Ọ̀gá nínú rẹ̀ bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lójú àìsàn, ó béèrè bó ṣe sùn, ó béèrè bóyá ó jẹun. Ó wá ní, "Mo pẹ́ kí n tó dé." Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Ó tún un mú, ó kọ ọ́ parí.

Mo ní, "Ó dùn, mà. Ibi tó ti já yẹn, mo lè tún un ṣe. Kò ní hàn rárá."

"Ẹ fi sílẹ̀," ló dáhùn. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Mo fi sílẹ̀. Ó ní kí n lò ó fún òun. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ojú rẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Nígbà tó parí, ó jókòó díẹ̀. Mo ti kọ́ ọ nídìí iṣẹ́ yìí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà lára orin. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Rẹ̀mí," ló pè mí, "bá mi gbé báàgì yìí. Sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀."